Ọjọ́ Tí Ionie Pa Rédíò

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi ńlá bá gúnlẹ̀ sí St. George's, kò sí awakọ̀ kankan tó ń jókòó jẹun àárọ̀. Ionie Redhead mu tíì kòkó rẹ̀ lórí ìdúró, ó ju búrẹ́dì tó kù sẹ́nu, ó nu ara bọ́ọ̀sì rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó sì kọrí sí èbúté. Obìnrin awakọ̀ kò pọ̀ ní Grenada nígbà náà. Àwọn ọkùnrin tó wà lórí ìlà ọkọ̀ ní èbúté ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn, wọ́n sì ti gba kámú pé obìnrin yìí mọ kọ́nà òkè ju àwọn lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi tètè kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí òun lè gun òkè lọ sí Belle Ravine lọ wo Nenen tó tọ́ ọ dàgbà. Ó ti ra ẹja tútù, ó ti bẹ obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kó bá òun gbé e sórí yìnyín títí di ìrọ̀lẹ́.

Nenen kọ́ ló bí i. Ẹni tó bí i wọkọ̀ lọ sí Trinidad láti wáṣẹ́ nígbà tí Ionie ṣì jẹ́ ọmọ tó ń di aṣọ ìyá rẹ̀ mú bó bá ń rìn. Ó ní òun á ránṣẹ́ wá mú ọmọ náà. Títí di òní a ò gbọ́ pé ó ránṣẹ́. Nenen, tó ń gbé nílé kejì, tí kò ní ju ilé onípákó àti igi nọ́tímẹ́gì díẹ̀ lọ, ló gbé ọmọ náà wọlé láì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo abúlé ló ń pe obìnrin náà ní Nenen, ìyá ìrìbọmi, torí pé bí a bá rí ọmọ méjì ní Belle Ravine, ọ̀kan nínú wọn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ rí níwájú fádà.

Ṣùgbọ́n abúlé ni abúlé. Bí Ionie bá fọ́ àwo, wọn á ní, "Ẹ ò rí ọmọ àgbàtọ́." Bó bá gba ipò kìíní ní ilé-ìwé, wọn á ní, "Nenen mà gbìyànjú lórí ọmọ ọlọ́mọ o." Kò sí ohun tó ṣe tí wọ́n fi pè é ní ọmọ Nenen lásán, kí wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀. Ó dàgbà, ó lọ sí ìlú, ó kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó ra bọ́ọ̀sì, ó tún òrùlé Nenen ṣe lẹ́yìn ìjì, ọmọ ọlọ́mọ náà ló ṣì ń jẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa lórí òkè, ọmọbìnrin ilé ló ń wẹ òkú ìyá rẹ̀ kí àwọn agbókùú tó wá gbé e lọ sínú yìnyín. Wọn kì í gbé iṣẹ́ náà fún aládùúgbò tí ọmọ bá wà. Ẹni tó bá wẹ òkú náà ló máa jókòó síbi orí pósí, òun làwọn èèyàn máa ń wá gbọ́wọ́ lé léjìká, lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ọmọ ta ni. Nenen ti sọ ọ́ ní gbangba, níbi tí òun àti àwọn obìnrin yòókù ti ń bó nọ́tímẹ́gì.

"Ọjọ́ tí mo bá kú," ó ní, "kí ẹnikẹ́ni má fi omi kàn mí lára àfi Ionie. Mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹni tó bí i ò wẹ̀ ẹ́. Òun náà ló máa wẹ̀ mí. Ṣé gbogbo yín gbọ́?"

"Nenen, ẹ ò tíì fẹ́ kú lónìí," Ionie dáhùn, "ẹ jẹ́ ká parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀."

Ó fi rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Kò sí ohun tó tún ń fẹ́ láyé yìí tó èyí. Kó wẹ Nenen lójú gbogbo wọn, kí ẹnu wọn lè pa mọ́.

Èémí ti ń ṣòro fún Nenen láti ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tí Ionie lọ wò ó, obìnrin náà mu omi ẹja, ó bú irun tí Ionie dì, ó ní ó dà bí ìgbà tí adìẹ bá tú ilẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Ọkàn Ionie balẹ̀. Ó ní nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi bá dé, òun á tún wá.

Tẹlifóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Tí èèyàn bá kú, rédíò la fi ń gbọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi dùùrù lu orin ìsìn díẹ̀, gbogbo ilé á sì dákẹ́, ẹni tó ń gún ata á dáwọ́ dúró. Olùkéde á pe orúkọ tí wọ́n fún olóògbé ní ọjọ́ ìrìbọmi, orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò pè é rí láyé. Lẹ́yìn náà ló máa ń sọ pé, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí báyìí báyìí. Ibẹ̀ gan-an ni igbe ti máa ń ta. Kò sí ọmọ Grenada tí kò mọ̀ pé ẹni tí kò bá dúró de orúkọ kejì, kò tíì gbọ́ ẹni tó kú.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń pín àlejò fún àwọn awakọ̀ ti ṣòfin tiwọn. Àlejò kan ló bú sẹ́kún rí nínú ọkọ̀, ó ní òun ò wá láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n máa ka òkú sí òun létí. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní tí dùùrù yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, kí awakọ̀ pa rédíò. Ẹni tó bá rú òfin, wọ́n á gba báàjì ọrùn rẹ̀ tó fi ń gbé àlejò. Èmi ò mọ irú èèyàn tó ń ṣòfin fún òkú, ṣùgbọ́n báàjì ni oúnjẹ, Ionie sì ti mọ́ ọn lára láti máa na ọwọ́ sí rédíò láì tilẹ̀ rò ó.

Àwọn tó gbé lọ́jọ́ náà kò burú. Tọkọtaya kan wà lẹ́yìn tí wọ́n ń ya fọ́tò ohun gbogbo, títí kan ewúrẹ́. Ọkùnrin kan wà tó ti sùn kí wọ́n tó jáde nílùú. Obìnrin àgbàlagbà kan tó dé fìlà etí gbọọrọ, Misis Pruitt, jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ionie nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Wọ́n gba ọ̀nà etíkun lọ, òkun wà lápá òsì, òkè wà lápá ọ̀tún. Ionie ń fi igi kòkó hàn wọ́n, ó ń fi ilé tó wó nígbà ìjì hàn wọ́n, ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe. Orin kàlípúsò ń lọ lórí rédíò.

Bí orin ṣe parí ni dùùrù bẹ̀rẹ̀.

"A fi tìbànújẹ́tìbànújẹ́ kéde ikú Philomène Agatha Modeste..."

Ionie nawọ́, ó pa á.

"Kí ló dé tó o pa á?" Misis Pruitt bi í. "Orin náà dùn mọ́ mi."

"Ìròyìn ilé ni, màdáámù. Kò lè wù yín láti gbọ́."

Ó yí kọ́nà, ó fọn fèrè sí ọkùnrin kan tó ń da màlúù, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa igi gbẹ̀rẹ̀fúùtù lọ. Orúkọ tó gbọ́ kò kàn án. Kò mọ Philomène kankan láyé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí kò dúró gbọ́. Olùkéde ní Philomène Agatha Modeste ti Belle Ravine, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Nenen, papòdà ní ìdájí òní nínú oorun. Ó dárúkọ àbúrò rẹ̀ Elias, ó dárúkọ àwọn ọmọ àbúrò tó wà ní Toronto. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ní, "Ionie, ọmọ rẹ̀, tó ń wakọ̀ ní St. George's, kí ó jọ̀wọ́ gòkè wá kíákíá." Verna, aládùúgbò wọn, ló sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Gouyave láti fi tẹlifóònù pe ilé-iṣẹ́ rédíò. Òun ló ní kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀, láì fi nǹkan kan kún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni láti Belle Ravine pe Ionie bẹ́ẹ̀, gbogbo erékùṣù ló sì gbọ́ àfi òun.

Wọ́n dé ibi omi Concord, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta sínú kòtò tútù kan. Àwọn tọkọtaya bọ́ aṣọ, wọ́n kó sómi, wọ́n ń pariwo bí ọmọdé. Ionie rin lọ síbi tí àwọn awakọ̀ máa ń dúró sí. Ferdie Cadore ló bá níbẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ máa ń du ipò lórí ìlà, tí wọ́n sì jọ máa ń pín oúnjẹ jẹ. Àwọn àlejò tirẹ̀ ti wà nínú omi tipẹ́, ó sì ti ṣí rédíò rẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ferdie wò ó bí ẹni tó rí iwin.

"Ionie. O wá síṣẹ́?"

"Àbí kí n jókòó sílé kí ìwọ nìkan máa kó gbogbo òyìnbó tó bá bọ́ sílẹ̀?"

Ferdie kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ fìlà, ó tún un dé.

"O lọ́kàn o. Èmi ò ní lè ṣe é."

"Kí lo ò ní lè ṣe? Tìtorí pé mo gba iwájú rẹ láàárọ̀? Ferdie, ọkùnrin ni ẹ́, má sunkún."

"Ṣé o ò ní gòkè ni?"

"Màá gòkè, tí ọkọ̀ bá ti lọ. Ṣé kí n wá da àwọn èèyàn yìí sílẹ̀ sójú ọ̀nà ni?"

"Tí ọkọ̀ bá ti lọ," Ferdie tún un sọ. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó pòṣé díẹ̀. "Ó dáa. Kálukú ló mọ bó ṣe ń ṣe tiẹ̀."

Ó yí padà lọ bá àwọn àlejò rẹ̀. Ionie ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyàwó Ferdie ti tún bá a jà.

Mo ti bá Ferdie sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ yìí lẹ́yìn náà. Ó ní òun rò pé ó ti gbọ́ ni, òun sì rò pé ọkàn rẹ̀ yigbì. Lọ́dọ̀ wa, a kì í túfọ̀ fún èèyàn létí omi, níbi tí àwọn àlejò ti ń fi aṣọ ìnura nu ara wọn. Rédíò ló ń túfọ̀. Àwa tó kù ń fi ọ̀wọ̀ dákẹ́. Tó bá jẹ́ pé ó dárúkọ Nenen lẹ́ẹ̀kan péré, ohun gbogbo ì bá yàtọ̀. Ọ̀wọ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́, inú mi ò sì tíì yọ́ sí ọ̀wọ̀ náà.

Láti ibẹ̀, wọ́n kọjá sí Gouyave, níbi tí àwọn àlejò ti máa ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣa nọ́tímẹ́gì tí wọ́n ń dì í sínú àpò. Amọ̀nà ilé nọ́tímẹ́gì náà kó àwọn yòókù wọlé. Ẹsẹ̀ Misis Pruitt kò gbà, ó ní òun á dúró sínú ọkọ̀. Ionie gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi ńlá kan, lẹ́bàá ibi tí ọ̀nà òkè ti já sí ọ̀nà ńlá, ó sì dúró tì í. Ọ̀nà yẹn ló lọ sí Belle Ravine. Bí èèyàn bá wa ọkọ̀ gòkè níbẹ̀, kò ní pẹ́ kó rí òrùlé Nenen láàárín igi ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"O ń wo òkè yẹn bí ẹni pé o sọ nǹkan nù síbẹ̀," ni Misis Pruitt wí.

"Ìyá mi ló ń gbé ibẹ̀, màdáámù."

"Ó ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà o. Ẹnu wọn gan-an ò tíì rẹ̀ wọ́n. Mo ń lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo ti ra ẹja dè wọ́n."

"Gòkè lọ báyìí. Èmi á dúró níbí. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ionie rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ró nínú rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà ilé nọ́tímẹ́gì. Bí àwọn yòókù bá jáde tí wọn ò bá ọkọ̀, bí wọ́n bá pẹ́ dé èbúté, ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni, àti pé báàjì rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Nenen gan-an ló máa kọ́kọ́ bú u. Ionie ní, "Rárá, màdáámù, ẹ ṣeun. Wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ ọkọ̀ nìyí."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọkọ̀ òkú fi yọ lókè.

Ó ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọkọ̀ dúdú gígùn kan, kò sì lè yí kọ́nà nítorí bọ́ọ̀sì Ionie tó yọrí sójú ọ̀nà díẹ̀. Ionie ta jìgì wọnú bọ́ọ̀sì rẹ̀, ó fà á sẹ́yìn, ó sì bọ́ sílẹ̀ kó lè wò ó pé àyè tó. Ta ló kú lókè? Abúlé pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n Belle Ravine wà nínú wọn. Ó di ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mú.

Lẹ́yìn náà ló dá ara rẹ̀ lóhùn. Kò lè jẹ́ Nenen. Wọn ò lè gbé Nenen jáde nílé láìjẹ́ pé òun ti wẹ̀ ẹ́. Abúlé tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu obìnrin náà fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa láyà láti gbé e fún agbókùú láì rí òun. Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ojú tì í pé òun tilẹ̀ rò ó.

Ó ṣe àmì àgbélébùú bí ọkọ̀ náà ṣe ń kọjá níwájú rẹ̀, ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá nawọ́, ì bá fọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀. Awakọ̀ ọkọ̀ òkú náà wo ojú rẹ̀ tààrà, kò kí i. Misis Pruitt yọrí ní fèrèsé.

"Ta ló kú?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, màdáámù," Ionie dáhùn. "Ará òkè ni." Ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i kí ọjọ́ ìgbádùn obìnrin náà má bàa bàjẹ́.

Ó kó wọn padà. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n dì mọ́ ọn, tọkọtaya yẹn yà á ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Misis Pruitt ní, "Bá mi kí ìyá rẹ." Ionie ní wọ́n á gbọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi fọn fèrè, ó ti gba ẹja rẹ̀ lórí yìnyín, ó ti ra búrẹ́dì gbígbóná, ó sì ti wà lójú ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń kọrin fúnra rẹ̀.

Ní àbáwọlé Belle Ravine, ó fọn fèrè sí àwọn obìnrin méjì tó mọ̀. Wọn ò juwọ́ sí i. Ó rò pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló wà lójú wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ rí nínú àgbàlá Nenen ni mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ tí wọ́n gbé ti ara ògiri lóde. Lẹ́yìn náà ló rí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí tapólì tí wọ́n ta, ó rí gbogbo àwọn tó mọ̀ láti kékeré tí wọ́n jókòó láìsọ̀rọ̀. Ẹja bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe Nenen bí ọmọdé ṣe ń pe ìyá rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó tún un pè. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

Verna ló dìde. Ó wá dúró níwájú rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"O dé."

"Àǹtí Verna, ìgbà wo ni?"

"Ìdájí."

"Ìdájí òní? Kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́ sí mi?"

Ọkùnrin kan fi imú rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì.

"A ò ránṣẹ́?" Verna ní. "Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé Gouyave. Rédíò pè ọ́ láàárọ̀, ó pè ọ́ lọ́sàn-án, orúkọ ẹ ló pè. Gbogbo wa jókòó síbí, a gbọ́ ọ. Mo ní, ó ti dé tán."

"Mo pa rédíò ni, mà. Àlejò wà nínú ọkọ̀, wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀..."

"O pa á."

"Philomène ni mo gbọ́. Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo oúnjẹ tó o jẹ lọ́wọ́ obìnrin yìí," ni ohùn kan wí lẹ́yìn, "o ò mọ orúkọ ẹ̀?"

Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó mọ orúkọ náà kó tó di àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bàbá Elias, àbúrò olóògbé, ló rántí rẹ̀ lẹ́yìn tó ti ronú títí. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ rántí ìyẹn?

"Awakọ̀ ọkọ̀ òkú padà wá gba owó rẹ̀," ni Verna ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. "Ó ní òun rí ẹ ní Gouyave. Ó ní o fa ọkọ̀ sẹ́yìn fún òun. O ṣe àmì àgbélébùú, o sì ń rẹ́rìn-ín sí òyìnbó. Irọ́ ló pa?"

Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò sì sí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sọ ọ́ tí kò ní burú.

"Ta ló wẹ̀ wọ́n?" ó béèrè.

"A se omi pẹ̀lú ewé. Ó tutù, a tún un gbé kaná. Ó tún tutù. Agbókùú dé, ó ní òun ò lè dúró mọ́, oòrùn ti le. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe èmi ló fẹ́. Mo ń bẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́."

"Ṣé omi náà lọ́wọ́ọ́rọ́? Wọn ò fẹ́ràn omi tútù."

"A mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ èèyàn, Ionie."

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ rí i. Wọ́n ní ibi tí wọ́n gbé e sí ti tì, ó di ọjọ́ ìsìnkú. Ó sunkún nígbà náà, ó sunkún bí ó ṣe wù ú, kò sì sí ọwọ́ kankan tó kan èjìká rẹ̀. Àwọn obìnrin yí Verna ká. Wọ́n gbé omi fún un, wọ́n fi aṣọ bò ó léjìká nítorí afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń ní kó pẹ̀lẹ́.

Bàbá Elias ló fi ọ̀pá ti ilẹ̀ dìde. Èèyàn rere ni, kò sí ibi nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi dun Ionie ju ti gbogbo wọn lọ.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Láti àárọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ fún un ní àga."

Wọ́n gbé àga wá fún un, àga pálọ̀ tó ní tìmùtìmù. Àwọn yòókù wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó nu ojú, ó ní òun kò fẹ́ àga, òun fẹ́ lọ sí ilé ìdáná lọ bá wọn gé gbẹ̀rẹ̀fúùtù. Ó mọ ibi tí ọ̀bẹ wà. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí lójú rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ara dí i.

"Ẹ má ṣèyọnu, mà," ọmọ náà ní. "Ẹ jókòó. A ti pọ̀ tó."

Ó padà lọ jókòó. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ nípa Nenen, ohun tó sọ níjọ́un, ẹni tó fi bàtà lé jáde. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Ionie ní ìtàn tó ju tiwọn lọ, ó fẹ́ dá sí i lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n bó bá ti la ẹnu, wọ́n á dákẹ́ pẹ̀lú sùúrù bí ẹni ń gbọ́ àlejò, ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ń pín kọfí. Kọ́ọ̀pù páànù ni wọ́n fi ń fún gbogbo èèyàn, wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ti Ionie ni wọ́n gbé wá nínú ife funfun olódòdó pẹ̀lú àwo kékeré nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí Nenen kì í mú jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù àyàfi bí fádà bá wá tàbí bí ẹnìkan bá ti òkè òkun dé. Verna fúnra rẹ̀ ló gbé e fún un, ó sì rọra gbé e bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan fún ẹni tí wọn ò mọ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti ìlú," ó ní, "ẹ kú ìrìn o."

Ó mu ún tán, torí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú ife náà àti àwo rẹ̀ lọ sídìí agbada ìfọwo tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń fọ àwo láti ìgbà tí kò tíì ga tó agbada náà. Ó ti bu omi lé e kí Verna tó dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Fi sílẹ̀," ni Verna wí, ó sì na ọwọ́. "A kì í jẹ́ kí àlejò fọ ife níbí."

Omi ń kán lọ́wọ́ Ionie. Ó gbé ife náà fún un.